Bírígédíà Adémúlégún: Ọmọ Oǹdó tí wọ́n pa sí Kàdúná wa

  Ọ̀rọ̀ wa tòní gùn díẹ̀, àmọ́ ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ kà á, kí ẹ sì kà á fún àwọn ọmọ.

Ohun tó fà á ni pé lẹ́nu àìpẹ́ yìí, àwọn ọmọ wa méjì kan ń bá oníbàárà wa kan jiyàn ní ìsọ̀ wa. Ọmọ Hausa ni oníbàárà náà. Àwọn ọmọ wa, Kàdúná ni wọ́n bí wọn sí, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti kàwé. Ìfipágbàjọba ọdún 1966 ni wọ́n ń jiyàn lé lórí. Ọ̀kan ní ìjà Hausa àti Ígbò ni, kò kan Yorùbá rárá. Ìkejì ní òun mọ Nzeogwu, òun sì mọ Sardauna. A wá bi wọ́n pé, "Adémúlégún ńkọ́?" Wọ́n ń wojú ara wọn. Ọ̀kan ní, "Ṣé kì í ṣe orúkọ títì kan l'Óǹdó nìyẹn?"

Òótọ́ ni, títì Adémúlégún wà l'Óǹdó. Àmọ́ ọ̀rọ̀ yẹn dùn wá. Ìlú tí àwọn ọmọ yìí ń gbé gan-an ni wọ́n ti pa ọkùnrin náà, òun àti aya rẹ̀, lóru ọjọ́ kan ṣoṣo. A ò dá àwọn ọmọ lẹ́bi ṣá. Ta ló sọ fún wọn? Àwa àgbà la ò sọ ọ́. Wọn ò tíì bí àwa náà nígbà tó ṣẹlẹ̀, sẹ́kọ́ńdìrì la sì kà mọ, àmọ́ a gbọ́ lẹ́nu àwọn bàbá wa, a sì ti ka ohun tí wọ́n kọ sílẹ̀. Ohun tó dá wa lójú la ó sọ.

Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti orí ìlú fúnra rẹ̀. Ìlú sójà ni Kàdúná láti ìpìlẹ̀. Lugard tó yan ibẹ̀, sójà lòun náà. Òun ló dá ẹgbẹ́ ọmọ ogun Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà tí wọ́n ń pè ní WAFF sílẹ̀, ní nǹkan bí ọdún 1897. Zungeru ni ìjọba Òkè Ọya wà tẹ́lẹ̀. Nígbà tí Lugard padà dé lọ́dún 1912 láti da Gúúsù àti Àríwá pọ̀, ó rí i pé etí odò Kàdúná dáa ju Zungeru lọ, ọ̀nà rélùwéè sì ti kọjá níbẹ̀. Ibẹ̀ ló ní kí wọ́n kó bárékè àti ọ́fíìsì ìjọba lọ. Nígbà tó fi máa di 1917, Kàdúná ti di olú ìlú Àríwá.

Àwọn bàbá wa náà ò pẹ́ tí wọ́n fi tẹ̀lé e. Rélùwéè tó gba Ìbàdàn, Òṣogbo, Ọ̀fà, Ìlọrin, Jẹ́bbà àti Minna ló gbé wọn dé. Àwa oníṣòwò mọ̀ pé níbi tí sójà bá wà, ọjà á yá, torí sójà ń gbowó lóṣooṣù. Wọ́n ta aṣọ, wọ́n ta obì, wọ́n rán aṣọ, wọ́n ṣe kápẹ́ńtà. Àwọn Hausa ń pè wá ní Yarabawa, a sì jẹ́ ẹ. Ìdí nìyí tí a fi ní kí ẹnikẹ́ni má sọ pé ọ̀rọ̀ sójà ò kan Yorùbá Kàdúná. Ọ̀rọ̀ sójà ló bí ìlú tí a ń gbé.

Àmọ́ ní gbogbo ìgbà yẹn, Òyìnbó nìkan ni ọ̀gágun. Ènìyàn dúdú lè jagun, ó lè kú, ipò tó ga jù tó lè dé kò ju sájẹ́ńtì-méjọ̀ lọ. Bó ti rí nìyẹn nígbà tí wọ́n bí Samuel Adémúlégún lọ́dún 1924. Ọmọ Oǹdó ni. Bí ẹnì kan bá sọ lọ́jọ́ ìsọmọlórúkọ rẹ̀ pé ọmọ yìí máa di ọ̀gágun tí Òyìnbó gan-an á máa kí ní sàlúùtù, wọ́n á ní ọtí ló ń pa á.

Ogun Hitler ló ṣílẹ̀kùn náà. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ọmọ Nàìjíríà ló lọ jà ní Burma, nínú dífíṣọ̀n 81 àti 82. Àwọn tó padà wálé ti rí i pé ọta ìbọn ò mọ dúdú yàtọ̀ sí funfun. Lẹ́yìn ogun, àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í mú ọmọ Nàìjíríà díẹ̀díẹ̀ sí ipò ọ́fíísà. Lọ́dún 1948 ni L. V. Ugboma gba tirẹ̀. Lọ́dún 1949, ó kan Adémúlégún. Ọdún yẹn náà ni ó kan Aguiyi-Ironsi, ọmọ Umuahia. Ẹ fi orúkọ yẹn sọ́kàn, torí àwọn méjèèjì jọ ń gun àkàbà kan náà lọ ni.

Àkàbà náà ò sì kúrú. Lẹ́fútẹ́náǹtì, kápútéènì, méjọ̀, lẹ́fútẹ́náǹtì-kọ́nẹ́ẹ̀lì, kọ́nẹ́ẹ̀lì, kó tó wá kan bírígédíà. Nígbà tí a gba òmìnira lọ́dún 1960, Òyìnbó ló ṣì pọ̀ jù nínú àwọn ọ́fíísà wa. Adémúlégún gun àkàbà náà, kò sì tó ogún ọdún tó fi di Bírígédíà. Ipò tí wọ́n ń pè ní Brigadier-General lónìí nìyẹn. Ṣùgbọ́n ẹ má fi wé tòní o. Lónìí, ọ̀gágun pọ̀ rẹpẹtẹ. Nígbà yẹn, gbogbo ọmọ ogun ilẹ̀ wa ò ju bí ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá lọ, àwọn bírígédíà tó jẹ́ ọmọ Nàìjíríà ò sì ju iye tí èèyàn lè fi ìka ọwọ́ kan kà.

Ọ̀nà méjì ni wọ́n pín àwọn ọmọ ogun náà sí. Bírígéèdì kìíní wà ní Kàdúná, ìkejì wà l'Ékòó. Bírígédíà Zakariya Maimalari, ọmọ Àríwá, ni olórí ti Èkó. Adémúlégún, ọmọ Yorùbá, ni olórí ti Kàdúná. Ṣé ẹ rí i? Ọmọ Hausa àti Kanuri ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ Oǹdó, ọmọ Yorùbá ń gba àṣẹ lọ́wọ́ ọmọ Àríwá, wọn ò sì rí i bí nǹkan bàbàrà. Àwọn sójà tó wà ní Kàdúná wà lábẹ́ rẹ̀, ti Kánò náà wà lábẹ́ rẹ̀. Olórí àwọn ti Kánò nígbà náà ni Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ojukwu.

Ní ìbẹ̀rẹ̀ ọdún 1965, Òyìnbó tó jẹ́ olórí pátápátá, Welby-Everard, fẹ́ máa lọ sílé. Ta ló máa rọ́pò rẹ̀? Orúkọ mẹ́rin ni wọ́n ń dá: Ironsi, Adémúlégún, Maimalari àti Ògúndípẹ̀. Nínú mẹ́rin, méjì jẹ́ ọmọ Yorùbá. Ironsi ni ìjọba mú, ó sì di Major-General. Adémúlégún dúró sí Kàdúná, ó ń bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ.

Ohun kan wà tí àwọn alátakò rẹ̀ máa ń sọ. Wọ́n ní ó ti súnmọ́ Sardauna jù, wọ́n ní sójà ò yẹ kó máa bá olóṣèlú ṣe wọléwọ̀de. Òótọ́ ni pé òun àti Alhaji Ahmadu Bello mọwọ́ ara wọn dáadáa. Àmọ́ àwa tí a ń gbé ìlú onílùú mọ̀ pé kò sí bí àlejò ṣe lè ṣe iṣẹ́ ńlá níbì kan kó má bá onílé rẹ́. Bí kò bá súnmọ́ ọn, wọ́n á ní ó ń gbéra ga. Ó súnmọ́ ọn, wọ́n ní ó ti di ẹrú òṣèlú.

Lásìkò yẹn, ilẹ̀ Yorùbá ò rọgbọ. Ìbò oṣù kẹwàá ọdún 1965 ti dá wàhálà wẹtíẹ̀ sílẹ̀. Wọ́n ń sun ilé, wọ́n ń sun èèyàn. Àwọn ọ́fíísà kéékèèké kan bẹ̀rẹ̀ sí í sọ ọ́ lábẹ́lẹ̀ pé àwọn máa gba ìjọba. Wọ́n sì rí i pé bí àwọn bá máa gba ìjọba, wọ́n ní láti mú àwọn ọ̀gá àwọn kúrò lọ́nà, torí ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo lẹ́nu ọ̀gá lè dá àwọn sójà padà sí bárékè.

Ní Kàdúná, Major Chukwuma Nzeogwu ni olórí wọn. Olùkọ́ ni ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn sójà tó wà níbẹ̀. Ẹ jẹ́ kí a sọ èyí kó yé wa: Kàdúná ni wọ́n bí Nzeogwu sí, lọ́dún 1937. Òbí rẹ̀ wá láti Okpanam lẹ́bàá Asaba, àmọ́ Kàdúná ló ti dàgbà, ibẹ̀ ló ti kàwé, ó gbọ́ Hausa bí omi. Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ gan-an máa ń pè é ní Kaduna. Ọmọ àlejò bíi tiwa ni.

Ọgbọ́n tí wọ́n dá ni pé wọ́n ń kó àwọn sójà jáde lóru, wọ́n ní wọ́n ń kọ́ wọn ní ìjà òru. Wọ́n pe ìdánilẹ́kọ̀ọ́ náà ní Damisa. Ẹ̀yin tí ẹ gbọ́ Hausa mọ̀ pé ẹkùn ni damisa. Nígbà tí èèyàn bá ti ń rí sójà nínú igbó lóru lẹ́ẹ̀kan, lẹ́ẹ̀mejì, ojú á mọ́ ọn lára, kò sí ẹni tó máa fura mọ́.

Ọjọ́ Jímọ̀, ọjọ́ 14 oṣù kìíní ọdún 1966, nínú oṣù ààwẹ̀ Ramadan, Olóyè Akíntọ́lá wọ ọkọ̀ òfúrufú wá sí Kàdúná wá rí Sardauna, ó sì padà sí Ìbàdàn. Lóru ọjọ́ yẹn, ẹkùn jáde. Nzeogwu kó àwọn sójà rẹ̀ lọ sí ilé Sardauna, ibi tí a ń pè ní Arewa House lónìí. Wọ́n pa Sardauna, wọ́n pa ìyàwó rẹ̀ àgbà, Hafsatu.

Major Timothy Onwuatuegwu, olùkọ́ sójà bíi ti Nzeogwu, ló kó àwọn tiẹ̀ lọ sí ilé Adémúlégún. Ọ́fíísà tó mọ̀ ọ́n ni, kì í ṣe olè tó fọ́lé. Nínú yàrá ni wọ́n bá Bírígédíà àti ìyàwó rẹ̀, Látífátù. Wọ́n yìnbọn pa àwọn méjèèjì síbẹ̀. Oyún wà nínú Látífátù. Àwọn ọmọ wọn kéékèèké wà nínú ilé.

Ẹ jẹ́ ká dúró níbí díẹ̀. Nígbà tí àwọn èèyàn bá ń sọ ìtàn ọdún 1966, orúkọ àwọn ọkùnrin ni wọ́n ń dá. Ìyá ọlọ́mọ yìí ò gbé ìbọn, kò bá ẹnikẹ́ni du ipò, ilé ọkọ rẹ̀ ló sùn sí. Ẹ jọ̀ọ́, bí ẹ bá ń dárúkọ Adémúlégún, ẹ máa dárúkọ Látífátù náà.

Adémúlégún nìkan kọ́ ni ọmọ Yorùbá tí wọ́n pa ní Kàdúná lóru yẹn. Wọ́n tún pa Kọ́nẹ́ẹ̀lì Ralph Shodeinde, igbákejì ọ̀gá àgbà ní ilé ẹ̀kọ́ àwọn ọ́fíísà. Nítorí náà, ẹni tó bá sọ pé ìjà yẹn ò kan Yorùbá, kó wá ka òkú.

Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ Sátidé, Nzeogwu sọ̀rọ̀ lórí Rédíò Kàdúná pé ìjọba ti bọ́ sọ́wọ́ sójà. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ èèyàn ti kọ́kọ́ gbọ́. L'Ékòó, wọ́n ti pa Maimalari, Kọ́nẹ́ẹ̀lì Kur Mohammed, àti àwọn lẹ́fútẹ́náǹtì-kọ́nẹ́ẹ̀lì mẹ́ta: Pam, Largema àti Unegbe. Wọ́n gbé Tafawa Balewa lọ, wọ́n sì pa á. N'Íbàdàn, wọ́n pa Akíntọ́lá. Àmọ́ ìjọba ò dúró sọ́wọ́ wọn. Ironsi, ẹni tó jọ gun àkàbà pẹ̀lú Adémúlégún láti 1949, ló kó àwọn sójà jọ l'Ékòó, tó sì di olórí ìjọba. Nzeogwu juwọ́ sílẹ̀, wọ́n tì í mọ́lé.

Ibi tí a ń bọ̀ gan-an nìyí, ẹ̀yin èèyàn wa. Yorùbá ní ìka tó ṣẹ̀ lọba ń gé. Wọn ò gé ìka tó ṣẹ̀. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún yẹn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í pa àwọn Ígbò káàkiri Àríwá. Ní ọjọ́ 29 oṣù keje, àwọn sójà Àríwá gbẹ̀san, wọ́n pa Ironsi n'Íbàdàn, àti Adékúnlé Fájuyì, gómìnà wa, tó gbà á lálejò. Ní oṣù kẹsàn-án àti ìkẹwàá, ó wá burú kọjá sísọ. Ẹgbẹẹgbẹ̀rún Ígbò tó ń tajà, tó ń tún mọ́tò ṣe, tó ń ṣiṣẹ́ rélùwéè, tí wọn ò mọ Nzeogwu lójú, ni wọ́n pa. Àwọn tó yè wọ ọkọ̀ ojú irin lọ sí Ìlà-Oòrùn pẹ̀lú aṣọ ọrùn wọn. Ogun ló tẹ̀lé e, láti 1967 di 1970.

Wọ́n ní Ígbò ló pa àwọn ọ̀gá. Ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò bí oníṣòwò ṣe ń yẹ ìwé gbèsè wò. Òótọ́ ni pé Ígbò ló pọ̀ jù nínú àwọn tó dìtẹ̀ náà. Àmọ́ Unegbe tí wọ́n pa l'Ékòó, ọmọ Ígbò ni. Ojukwu tó wà ní Kánò, ọmọ Ígbò ni, kò bá wọn lọ́wọ́ sí i. Major Adéwálé Adémóyèga, ọmọ Yorùbá ni, ara àwọn tó gbèrò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ sì ni, ó tún fọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìwé nípa rẹ̀ lọ́dún 1981. Àwọn sójà tó tẹ̀lé Nzeogwu jáde lóru ọjọ́ náà, ọmọ Àríwá pọ̀ nínú wọn. Bí ó bá jẹ́ ẹ̀yà la fẹ́ fi ká a, ẹ̀yà wo ló máa jáde lọ́wọ́ mímọ́?

Ohun tó fi ká wa lára nìyẹn. A rí i lójú ara wa ní oṣù kejì ọdún 2000, nígbà tí Kàdúná gbiná. Ọ̀pọ̀ nínú wa fi ìsọ̀ sílẹ̀ sá. Àwọn mìíràn kó ilé kúrò ní ìhà kan odò lọ sí ìhà kejì, wọn ò sì padà títí dòní. Kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ ni wọ́n ń wá kiri lọ́jọ́ yẹn, orúkọ ẹni àti ẹ̀sìn ẹni ni wọ́n ń bèèrè. Bí a bá sọ ìtàn Adémúlégún fún àwọn ọmọ wa bí gbèsè tí Yorùbá ń jẹ lọ́wọ́ ẹ̀yà kan, a ti fi iná sábẹ́ òrùlé ara wa nìyẹn. Bí a ò bá sì sọ ọ́ rárá, a ti tún ọkùnrin náà pa lẹ́ẹ̀kejì.

Ohun kan tún wà. Nzeogwu kú sójú ogun lẹ́bàá Nsukka ní oṣù keje ọdún 1967. Ẹ̀gbẹ́ Biafra ló ti ń jà. Síbẹ̀, Gowon ní kí wọ́n gbé òkú rẹ̀ wá sí Kàdúná, kí wọ́n sì sin ín ní ìsìnkú sójà. Ilẹ̀ Kàdúná gbà á. Bí àwọn sójà tó ń bá ara wọn jagun bá lè ṣe ìyẹn, kí ló dé tí àwa tí a jọ ń tajà lábẹ́ òrùlé kan náà fi máa gbé ìkùnsínú ọdún 1966 pọ̀n?

Àdánù Yorùbá níbẹ̀ kò kéré o. Nígbà tí wọ́n pa Ironsi, Ògúndípẹ̀ ló kàn nínú ipò. Àwọn sójà ò gbọ́ àṣẹ rẹ̀, ó sì fi iṣẹ́ sílẹ̀ lọ sí London. Adémúlégún tí àwọn sójà Àríwá mọ̀, tó ti gbé àárín wọn, ti wà nínú ilẹ̀. A ò ní sọ pé ìtàn ì bá yí padà bí ó bá wà láàyè, torí Ọlọ́run nìkan ló mọ ìyẹn. Àmọ́ ẹni tó lè dúró láàárín ẹ̀yà méjì kó sì máa pàṣẹ, kì í pọ̀ láyé. Irú ẹni bẹ́ẹ̀ la pàdánù.

Lọ́dọọdún, ní ọjọ́ 15 oṣù kìíní, ìjọba máa ń ṣe ìrántí àwọn sójà tó kú. Wọ́n á gbé òdòdó sílẹ̀, wọ́n á tú ẹyẹlé sílẹ̀, àwọn ọmọ wa á máa wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n. Nítorí pé ọjọ́ yẹn ni ogun abẹ́lé parí lọ́dún 1970 ni wọ́n fi yàn án. Àmọ́ ọjọ́ yẹn náà ni wọ́n pa Adémúlégún àti Látífátù ní Kàdúná lọ́dún 1966. Bí ẹyẹlé bá ti ń fò lọ́jọ́ yẹn, ẹ pe àwọn ọmọ jókòó, kí ẹ sọ orúkọ méjèèjì fún wọn. Ẹ sọ ibi tó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ sọ orúkọ ẹni tó ṣe é pẹ̀lú, kí wọ́n lè mọ̀ pé èèyàn ló ṣe é, kì í ṣe ẹ̀yà.

Ẹ̀yin tí bàbá tàbí ìyá yín wà ní Kàdúná lọ́dún yẹn, tí wọ́n ṣì wà láyé, ẹ bá wa bi wọ́n léèrè ohun tí wọ́n rí àti ohun tí wọ́n gbọ́, kí ẹ tó sùn lálẹ́ òní. Àgbà ń lọ, ìtàn ń bá wọn lọ.

Ọlọ́run yóò bá wa ṣọ́ Kàdúná. Kò ní jẹ́ ká rí irú rẹ̀ mọ́. Àṣẹ.